Bí ẹ ṣe lè fi Google Classroom bá àwọn ọmọ kíláàsì yín sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ wọn

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2 nínú lẹ́sìnnì kékeré kan ní Asero. Àwọn kan ń wá láti Obantoko, àwọn kan láti Adigbe, àwọn mìíràn ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Lafẹ́nwá lọ́hùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta péré la fi ń ríra lọ́sẹ̀, èyí tó bá kù, orí fóònù la ti máa ń parí ẹ̀. Mo ti lo WhatsApp, mo ti lo tẹ́ẹ̀sì, mo tiẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ lọ́jà rí, kí n tó wá kó gbogbo ẹ̀ lọ sórí Google Classroom, áàpù Google tí tíṣà fi ń kéde fún ọmọ, tó sì fi ń fún wọn níṣẹ́, tó fi ń gbà á padà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹ ṣe máa fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ gan-an, kì í ṣe kí ẹ kàn máa ju asáímẹ́ǹtì síbẹ̀. Torí ohun tí mo ń rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣí kíláàsì, a ti kó ọmọ wọlé, a ti fi nóòtì síbẹ̀, àmọ́ ọmọ ò mọ ibi tó ti lè bi tíṣà léèrè, tíṣà náà ò sì mọ ibi tí ọmọ ti béèrè.

Ẹ lè ní kí ló wá ṣe WhatsApp. Kò ṣe nǹkan kan, èmi náà ń lò ó pẹ̀lú àwọn òbí. Àmọ́ nínú gúrúùpù WhatsApp, tí mo bá kọ pé ìdánwò di Thursday, kó tó di alẹ́ "good evening ma" ogójì àti sítíkà oríṣiríṣi ti bò ó mọ́lẹ̀, ọmọ tó bá rí fóònù gbà lálẹ́ ò ní mọ ibi tó ti máa wá a. Èkejì, nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ló hàn síta níbẹ̀, ti ọmọbìnrin, ti ìyá ẹni tó yá a ní fóònù, gbogbo ẹ̀. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú látìgbà tí ìyá kan ti pè mí pé ẹnì kan nínú gúrúùpù ń pe ọmọ òun lóru. Lórí Classroom, ọmọ ò nílò nọ́ńbà ẹnikẹ́ni.

Àkáǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú

Ẹ má fò ó o. Tó bá jẹ́ iléèwé gidi lẹ ti fẹ́ lò ó, Google fúnra wọn sọ pé iléèwé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún Google Workspace for Education, ìyẹn àkójọ áàpù Google fún iléèwé, èyí tí wọ́n ń pè ní Fundamentals nínú ẹ̀ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ iléèwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Ẹ lọ bá pírínsípà yín sọ ọ́, ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà iléèwé ló máa ṣe é, tó bá ti parí, tíṣà àti ọmọ kọ̀ọ̀kan á ní íméèlì tiwọn. Tó bá jẹ́ lẹ́sìnnì ara yín bíi tèmi, Gmail tó wà lórí fóònù yín ti tó. 2014 ni Classroom jáde, iléèwé nìkan ló sì wà fún nígbà yẹn, 2017 ni wọ́n tó ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tó ní Gmail lásán. Ẹni tó bá fi Gmail lásán ṣí i, èèyàn 250 ni kíláàsì ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jù lọ, tíṣà àtọmọ pa pọ̀, ó ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa nílò lọ fíìfíì.

Àkáǹtì àwọn ọmọ ló máa fún yín níṣẹ́. Ní Abẹ́òkúta níbí, ó kéré tán ìdajì àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ni ò ní fóònù tara wọn, ti ìyá tàbí ti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń lò, àwọn ọmọ á wá fi Gmail ìyá wọn wọlé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ṣí orúkọ àwọn ọmọ mi, Ìyá Báyìí, Àǹtí Báyìí, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tiẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò mọ ta ló ṣe iṣẹ́ wo. Ọ̀nà tí mo gbà yanjú ẹ̀ ni pé mo jókòó ti àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan lẹ́yìn lẹ́sìnnì, a ṣí Gmail fún ọmọ lórúkọ ara ẹ̀, a sì fi í kún fóònù ìyá ẹ̀ láìyọ ti ìyá kúrò, torí fóònù kan lè gba àkáǹtì méjì mẹ́ta. Tọ́mọ bá ti ṣí áàpù Classroom, kó tẹ àmì roboto tó wà lókè lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ló ti máa mú àkáǹtì ara ẹ̀. Kó kọ páswọ́ọ̀dù ẹ̀ sínú ìwé kan nílé o, àwọn ọmọ yìí ń gbàgbé. Ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún 13, Google ò gbà á láyè láti fi Gmail lásán lo Classroom, àkáǹtì iléèwé ló máa lò, ẹ má bá wọn purọ́ ọjọ́ orí o, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ ṣí kíláàsì

Èyí ò le rárá. Ẹ lọ sí classroom.google.com, tàbí kí ẹ wa áàpù ẹ̀ sórí fóònù, ẹ tẹ àmì àròpọ̀, ẹ mú Create class, ẹ kọ orúkọ kíláàsì. Orúkọ nìkan ló pọn dandan, àwọn àlàfo tó kù ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ orúkọ tí ọmọ máa dá mọ̀ láàárín kíláàsì márùn-ún, "Kẹ́mísírì SS2, 2025" dáa ju "Chemistry" lásán lọ, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ ni tíṣà tó ń lò ó.

Tó bá ti ṣí, ẹ máa rí tàbù mẹ́rin: Stream, Classwork, People, àti ibi tí máàkì wà. Stream ni ojúde, ibi tí gbogbo ọmọ ti ń gbọ́ ìkéde. Classwork ni ibi iṣẹ́. People ni orúkọ àwọn èèyàn. Tí ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Kóòdù kíláàsì máa wà lórí Stream, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n pa pọ̀, ó máa ń wà láàárín 5 sí 8. Ẹ má pè é lẹ́nu o, ẹ má sì kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìkánjú, ọmọ á ka òdo ní lẹ́tà O, á wá máa pariwo pé kò wọlé. Ẹ kọ́pì ẹ̀ tàbí kí ẹ kọ́pì lìǹkì ẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí lórí WhatsApp. Ọmọ á tẹ àmì àròpọ̀ tiẹ̀, á mú Join class, á fi kóòdù síbẹ̀, ó parí. Ọjọ́ tí gbogbo ọmọ bá ti wọlé tán, ẹ padà lọ sínú sẹ́tìn kíláàsì kí ẹ pa kóòdù náà, kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Kóòdù máa ń rìn, ọmọ á fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á fún ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí máa jókòó sáàárín àwọn ọmọ yín.

Ẹ pinnu ẹni tó lè sọ̀rọ̀ ní Stream

Nínú sẹ́tìn yẹn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Stream sí. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí ẹ máa mú ọ̀kan: kí ọmọ lè póòsì kó sì kọ́mẹ́ǹtì, kí ọmọ kọ́mẹ́ǹtì nìkan, tàbí kó jẹ́ tíṣà nìkan ló lè ṣe méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ó dáa káwọn ọmọ lómìnira, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Stream mi fi di gúrúùpù WhatsApp kejì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń béèrè ta ló mú kákúlétọ̀ òun. Mo gbé e sí èkejì, kí wọ́n máa kọ́mẹ́ǹtì lábẹ́ ohun tí mo bá gbé síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí dòní, ibẹ̀ ni màá sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dúró sí. Àwọn kan máa ń ti ọmọ lẹ́nu pa pátápátá, èyí tí tíṣà nìkan ń sọ̀rọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí nígbà míì ìbéèrè kan tí ọmọ bi yín lójúde, ọmọ mẹ́wàá ló ń dúró de èsì ẹ̀.

Tí ọmọ kan bá wá ń da ibẹ̀ rú, ẹ lọ sí People, ẹ máàkì orúkọ ẹ̀, ẹ mú Mute, kò ní lè kọ nǹkan sí Stream mọ́ títí ẹ máa fi tú u sílẹ̀. Àmọ́ ẹ pe ọmọ náà bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ṣe é. Tí ọmọ bá sì kọ ọ̀rọ̀ burúkú tó tún yára pa á rẹ́, tíṣà ṣì lè rí i, ibì kan wà nínú sẹ́tìn tí ẹ máa tàn kó lè máa fi ohun tí wọ́n pa rẹ́ hàn yín, ọmọ ò lè rí i. Mo máa ń sọ èyí fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe láti dẹ́rù bà wọ́n, ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n ronú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ìkéde, àti àkókò tí ẹ máa fi í jáde

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká tẹ̀ sí díẹ̀. Láti kéde, ẹ ṣí Stream, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ kéde nǹkan fún kíláàsì, ẹ kọ ọ́, ẹ lè so fáìlì, fọ́tò, lìǹkì tàbí fídíò YouTube mọ́ ọn, ẹ tẹ Post. Tó bá jẹ́ kíláàsì méjì lọ̀rọ̀ náà kàn, ẹ lè mú kíláàsì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá sì jẹ́ ọmọ mẹ́rin péré ló kàn nínú kíláàsì kan, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ All students sí, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá mú orúkọ àwọn mẹ́rin yẹn. Méjèèjì ò ṣeé ṣe pa pọ̀ ṣá, tí ẹ bá ti mú ju kíláàsì kan lọ, gbogbo ọmọ ló máa lọ bá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà ò mọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Post yẹn. Ọfà kékeré kan wà níbẹ̀, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí Schedule, ìyẹn ni pé ẹ lè kọ ìkéde nísinsìnyí, kí ẹ dá ọjọ́ àti aago tó máa jáde fún un. Mi ò mọyì ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aago 10 àárọ̀ ni mo máa ń ráyè, ìgbà yẹn ni mo máa ń póòsì, tí mo bá wá dé kíláàsì, ó kéré tán ọmọ mẹ́jọ á ní àwọn ò rí i. Mo bínú sí wọn dáadáa. Ìgbà tó yá ni ọmọbìnrin kan wá ṣàlàyé fún mi pé ìyá òun ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, fóònù ń bá ìyá lọ sọ́jà láàárọ̀, àwọn oníbàárà ló ń fi pè é, aago 7 alẹ́ ló ń padà délé, tí fóònù bá sì délé, bátìrì ẹ̀ ti ń kú lọ, tíná ò bá sí, ó di ọjọ́ kejì. Nígbà tó bá tún padà tan, ìkéde mi ti wà lábẹ́ àwọn ìfitónilétí ìyá ẹ̀ tó ju ogún lọ, ìyá ẹ̀ sì ti gbá gbogbo ẹ̀ dànù. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ yẹn ò ṣàìgbọràn rí, èmi ni mi ò béèrè ìgbà tí fóònù ń délé.

Torí náà, kí ẹ tó kéde ohunkóhun, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó kọ nǹkan mẹ́ta síbẹ̀: fóònù ta ló ń lò, aago mélòó ló máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ wo ni dátà máa ń wà. Ẹ kó o jọ, ẹ kà á. Ti tèmi fi hàn pé aago 7:30 sí 9 alẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń rí fóònù, ọjọ́ Sunday ọ̀sán ló sì rọrùn jù. Látìgbà náà, aago 7:30 alẹ́ ni gbogbo ìkéde mi ń jáde, Tuesday àti Friday, màá ti kọ wọ́n láàárọ̀, màá dá àkókò fún wọn, màá sì lọ ṣe iṣẹ́ mi. Ohun tó kàn mí jù níbẹ̀ ni pé ọjọ́ náà kì í yí padà. Àwa ará Abẹ́òkúta ló yẹ kó mọ èyí jù, Ìwé Ìròhìn tí òyìnbó míṣọ́nnárì Henry Townsend ń tẹ̀ nílùú yìí láti 1859, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, ẹni tó ń kà á mọ ìgbà tó yẹ kó máa retí ẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé Tuesday ni, á bẹ ìyá ẹ̀ fún fóònù lọ́jọ́ Tuesday.

Ẹ jẹ́ kí ìkéde kúrú. Ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe àti ọjọ́ ẹ̀, torí ìlà yẹn ló máa hàn lójú fóònù kí ọmọ tó ṣí i. Èyí ni mo kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá:

"Ìdánwò ásíìdì àti béèsì di Thursday, aago 4. Ẹ mú kákúlétọ̀ dání. Ojú ìwé 12 sí 19 nínú nóòtì yín ni kí ẹ kà. Ẹni tí titration ò bá tíì yé, kó kọ ọ́ sí abẹ́ ibí kó tó di Wednesday, màá tún un ṣe."

Ẹ wò ó, kò sí "Dear students, I hope this meets you well." Yorùbá ni mo fi ń kọ púpọ̀ nínú tèmi, ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì nìkan ni mo ń fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa bá a nínú WAEC. Kíbọ́ọ̀dù Gboard lórí fóònù ní Yorùbá, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lọ fi kún un. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ àwọn ọmọ létí kíá tó bá jẹ́ èdè tí mo fi ń bá wọn wí nínú kíláàsì ni mo fi kọ ọ́. Tí ìkéde kan bá ṣe pàtàkì gan-an, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lára ẹ̀, kí ẹ mú Move to top, á padà sókè.

Iṣẹ́ àṣetiléwá kì í ṣe ìkéde

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyí, tíṣà á ya fọ́tò ìbéèrè, á jù ú sí Stream, ọmọ ò ní ibi tó máa fi ìdáhùn sí, á wá máa fi í sínú kọ́mẹ́ǹtì níbi tí gbogbo ayé ti lè wò ó kọ. Classwork ni kí ẹ lọ. Ẹ tẹ Create, ẹ kọ́kọ́ ṣe Topic, èmi ń fi ọ̀sẹ̀ pín tèmi, "Ọ̀sẹ̀ 1", "Ọ̀sẹ̀ 2", kí ọmọ tí kò wá lè mọ ibi tó máa wò. Lẹ́yìn náà, ẹ mú Assignment, ẹ kọ àkọlé, ẹ kọ ohun tó máa ṣe, ẹ fún un ní máàkì àti ọjọ́ tó máa parí.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ yẹn o. Tí ẹ bá mú ọjọ́ láìmú aago, Classroom fúnra ẹ̀ á gbé e sí aago 11:59 òru. Ọmọ á wá máa fi òru jí fóònù mú nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Èmi máa ń fi aago 9 alẹ́ sí i, kí wọ́n lè sùn.

Ọmọ lè ya fọ́tò ohun tó kọ sínú ìwé, láti inú áàpù yẹn gan-an, kó so ó mọ́ iṣẹ́, kó tẹ Turn in. Ẹ fi tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé bí wọ́n bá so fọ́tò mọ́ ọn láìtẹ Turn in, iṣẹ́ ò tíì dé ọwọ́ tíṣà bí iṣẹ́ tí wọ́n parí. Ẹ fi hàn wọ́n lójúkojú lẹ́ẹ̀kan nínú kíláàsì, ìyẹn dára ju kí ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ti máàkì tán, ẹ tẹ Return, tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, ọmọ ò ní rí máàkì ẹ̀.

Question náà wà nínú Create yẹn, fún ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó dára fún ká mọ ẹni tí nǹkan yé kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ fọ́mọ, kì í sì í jẹ dátà púpọ̀.

Kọ́mẹ́ǹtì ìkọ̀kọ̀

Tí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Lára asáímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, kọ́mẹ́ǹtì oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo kíláàsì, gbogbo èèyàn ló ń rí i. Ìkejì ni wọ́n kọ Private comments sí, ọmọ yẹn àti tíṣà kíláàsì nìkan ló ń rí i. Ọmọ máa rí i tó bá ṣí iṣẹ́ náà, tó lọ síbi iṣẹ́ tiẹ̀. Tíṣà máa rí i tí ẹ bá ṣí Classwork, ẹ tẹ asáímẹ́ǹtì náà, ẹ lọ síbi tí iṣẹ́ àwọn ọmọ wà, kí ẹ wá tẹ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé ó jìn díẹ̀. Tẹ́ ò bá wọ ibẹ̀, ẹ ò ní rí i.

Ọmọkùnrin kan wà ní SS2 mi lọ́dún tó kọjá, kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá bi í léèrè, á wo ilẹ̀. Mo ti ka á mọ́ àwọn tí ò bìkítà, kí Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí. Ní àkókò kan, mo pa ìfitónilétí íméèlì mi torí ó ti pọ̀ jù, mo ń wo máàkì nìkan. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ dá iṣẹ́ wọn padà ni mo ṣí tiẹ̀, mo rí kọ́mẹ́ǹtì ìkọ̀kọ̀ mẹ́rin, lórí asáímẹ́ǹtì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ kọ ni "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mole ò yé mi látìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Èyí tó kẹ́yìn ni "Mà, ṣé ẹ rí ohun tí mo kọ?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọmọ tí mo rò pé kì í sọ̀rọ̀ ti ń sọ̀rọ̀, èmi ni mi ò sí níbẹ̀.

Mo dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì ṣàlàyé mole fún un pẹ̀lú dọ́sìnnì. Mo ní tí ìyá rẹ bá ní kó o ra ẹyin dọ́sìnnì kan, o mọ̀ pé méjìlá ni láìkà á, mole náà bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ iye kan ni, iye náà ló kàn pọ̀, 6.02 × 10²³, bóyá átọ́ọ̀mù ni tàbí mólékù, iye yẹn náà ni. Ó kọ "ó ti yé mi mà" sí i, ó sì tún béèrè òmíràn. Ṣùgbọ́n títí tó fi lọ, kò nawọ́ sókè nínú kíláàsì rí, orí kọ́mẹ́ǹtì ìkọ̀kọ̀ ló ti kọ́ kẹ́mísírì.

Ohun tí mò ń ṣe látìgbà náà rèé. Ẹ lọ sínú sẹ́tìn Classroom tiyín, sí ibi Notifications, kí ẹ tan ti kọ́mẹ́ǹtì ìkọ̀kọ̀, tí ìfitónilétí bá pọ̀ jù, ẹ pa àwọn tó kù kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Èkejì, tí mo bá fẹ́ dá iṣẹ́ padà, mi ò ní dá a padà láìkọ nǹkan kan sí kọ́mẹ́ǹtì ìkọ̀kọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kódà kó jẹ́ ìlà kan. Kì í ṣe "good, try harder" o, ohun tó ṣe gan-an ni mo ń sọ: "Ìbéèrè 3, o gbàgbé láti balance equation, wo oxygen níhà ọ̀tún, tún un ṣe kó o fi ránṣẹ́ padà." Tí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́pọ̀ fún ọmọ púpọ̀, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní comment bank tí ẹ bá ń máàkì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè tọ́jú ọ̀rọ̀ síbẹ̀ kí ẹ máa mú un lò, àmọ́ ẹ fi orúkọ ọmọ kún un.

Ẹ̀kẹta, ẹ má bá ọmọ wí níta. Iṣẹ́ tí ò dáa, owó lẹ́sìnnì tí ò tíì san, ìdí tí kò fi wá, gbogbo ìyẹn ìkọ̀kọ̀ ni. Mo rí tíṣà kan tó kọ orúkọ àwọn ọmọ tó jẹ owó sí Stream, ọmọ méjì ò padà wá mọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ kankan, kọ́mẹ́ǹtì ìkọ̀kọ̀ ò lè dá dúró láìsí asáímẹ́ǹtì, nítorí náà mo ṣe ọgbọ́n kan: ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, mo máa ń ṣe asáímẹ́ǹtì kan tí kò ní máàkì, tí kò ní ọjọ́, mo pè é ní "Bá mi sọ̀rọ̀". Ibẹ̀ ni ọmọ máa ń lọ tó bá ní nǹkan sọ. Mo tún sọ fún wọn pé tó bá jẹ́ kíláàsì ní tíṣà méjì, tíṣà kejì náà máa rí i, torí kò yẹ ká tan ọmọ jẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí WhatsApp ọmọ lóru. Ohun tí tíṣà bá bá ọmọ sọ, kó jẹ́ ohun tí òbí ẹ̀ lè kà.

Òbí ńkọ́

Tó bá jẹ́ àkáǹtì iléèwé lẹ ń lò, ẹ lè fi íméèlì òbí sí i nínú People, Google á máa fi àkójọ ránṣẹ́ sí wọn lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ ò ṣe, iṣẹ́ tó ń bọ̀. Máàkì ò sí nínú ẹ̀. Gmail lásán ò ní in, nítorí náà èmi máa ń kọ ọ́ fúnra mi sórí WhatsApp àwọn òbí lọ́jọ́ Friday, kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Àwọn ìyá kan ò kàwé, mo máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Dátà àti iná

Ẹ má gbé fídíò ńlá síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fídíò lè gbé gbogbo dátà ọ̀sẹ̀ ọmọ kan lọ. PDF ojú ìwé méjì mẹ́ta tó, tàbí kí ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù kí ẹ so ó mọ́ iṣẹ́ bíi fáìlì, ohùn fúyẹ́ ju fídíò lọ. Fọ́tò bọ́ọ̀dù tí ẹ bá yà, ẹ gé etí ẹ̀ kúrò, ẹ rí i pé ó ṣeé kà lórí fóònù kékeré kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí ọmọ tó bá ń lo dátà 100 náírà ò ní ṣí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sọ fún ọmọ pé nóòtì tó wà nínú Drive, ibi tí Google ń tọ́jú fáìlì sí, ó lè tẹ̀ ẹ́ kó wà lórí fóònù láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kó ṣe é ní ilé ọ̀rẹ́ tó ní dátà, kó kà á nílé. Tíná bá sì ti lọ ní àdúgbò fún ọjọ́ méjì, ẹ sún ọjọ́ iṣẹ́ síwájú, ẹ ṣí asáímẹ́ǹtì náà kí ẹ yí ọjọ́ ẹ̀ padà, ẹ má dúró kí ọmọ wá bẹ̀ yín.

Tí táàmù bá parí

Ẹ má pa kíláàsì rẹ́. Lórí káàdì kíláàsì náà, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, ẹ mú Archive, á kúrò lójú yín, àmọ́ nóòtì àti iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ táwọn ọmọ lè lọ wò tí WAEC bá dé. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: ẹ la inú "Bá mi sọ̀rọ̀" àti asáímẹ́ǹtì tó kẹ́yìn kọjá, ọmọ kan lẹ́yìn ọmọ kan, kí ẹ dáhùn gbogbo kọ́mẹ́ǹtì ìkọ̀kọ̀ tó bá kù, torí tó bá ti lọ sí Archive, ẹ̀yin àtọmọ ò ní lè kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ àfi tí ẹ bá tún dá a padà.